A Kì í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ

Wọn ò kà mí rí. Mo ní ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, mo ní NIN, mo ní káàdì akẹ́kọ̀ọ́ tí fọ́tò orí rẹ̀ jọ ti ẹni tí ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Òṣòdì, ṣùgbọ́n nínú iye tí wọ́n ń pè ní iye àwọn ọmọ Nàìjíríà, mi ò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní oṣù kẹta ọdún 2006, ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí. Mo wà nílé lọ́jọ́ náà. Kódà, mo wà nínú yàrá tí ẹni tó wá kà wá wọ̀. Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló sọ fún un pé ọmọ àlejò ni mí, pé ìyá mi ń bọ̀ wá mú mi lọ tó bá di ìrọ̀lẹ́.

Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ ìtàn yìí. Ẹ̀fẹ̀ ni nínú ilé wa. Bí mo bá na ọwọ́ sí ẹran kejì nínú ìkòkò, bàbá mi á ní, “Ẹ jẹ́ kó mú un, ṣebí àlejò ni.” Ọdún yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀, iṣẹ́ ilé-ìwé ló sì fà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde á rántí iṣẹ́ ìwádìí ọdún ìkẹyìn àti bí ó ṣe ń lé oorun lójú ènìyàn. Mo ní mo fẹ́ kọ nípa àwọn èdè àti ẹ̀ka-èdè tí wọ́n ń sọ nínú ilé kan ṣoṣo ní Mushin, ìyẹn ilé tiwa. Olùdarí iṣẹ́ mi fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mú téébù wá: yàrá mélòó, àgbà mélòó, ọmọ mélòó, ibi tí oníkálukú ti wá, èdè tí wọ́n ń sọ nílé àti èdè tí wọ́n ń sọ ní pásẹ́ẹ̀jì. Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Ilé tí wọ́n ti wẹ̀ mí ní gbangba, ta ni mi ò mọ̀ níbẹ̀?

Ohun mìíràn tún ń lé mi léré. Ó di ọdún mẹ́ta tí Bàbá Onílé ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ta ilé náà. Ẹni tó rà á fẹ́ wó o láti kọ́ fúláàtì. Lẹ́tà dé ní oṣù kìíní pé kí gbogbo wa kúrò láàárín oṣù mẹ́fà. Bí mi ò bá tètè kà wá, kò ní sí ẹni tí mo máa kà mọ́.

Ilé náà wà ní apá Ìdí-Oró. Fésì-mí-kí-n-fésì-ẹ ni, yàrá mẹ́jọ lápá ọ̀tún, mẹ́jọ lápá òsì, pásẹ́ẹ̀jì tó wà láàárín sì ṣókùnkùn débi pé ìró bàtà la fi ń dá ara wa mọ̀. Ẹ̀yìn ni kíṣìnnì wà, pẹ̀lú balùwẹ̀ méjì àti kànga tí omi rẹ̀ dára fún ìfọṣọ nìkan. Iwájú ni ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta wà. Lára ògiri ẹnu ọ̀nà, ó ku díẹ̀ nínú nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀ ní 2006 kí wọ́n tó ka ènìyàn. Wọ́n ti kun ilé náà lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà náà, àmọ́ ọ̀dà tí Bàbá Onílé rà kò lágbára.

Kí n tó kan yàrá kankan, mo lọ wo iye tí ìjọba ní nípa Mushin. Ibẹ̀ gan-an ni orí ti kọ́kọ́ fọ́ mi. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ka ènìyàn ní 633,009 ènìyàn ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Mushin ní 2006. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tí òun náà ka tirẹ̀ ní àsìkò kan náà, ní rárá o, 1,321,517 ni. Ti Sùúrùlérè, àjọ ní 503,975, Èkó ní 1,274,362. Ti Lagos Mainland, níbi tí Yábàá, Èbúté Mẹ́ta, Màkókò àti ilé-ìwé wa ní Akọkà wà, àjọ ní 317,720, Èkó ní 629,469. Fún gbogbo ìpínlẹ̀, àjọ ní 9,113,605, Èkó ní 17,552,942.

Fún àwa tí a ṣe kọ́ọ̀sì òǹkà Yorùbá tí a sì sunkún jáde: 633,009 jẹ́ ọ̀kẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ó lé ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá àti mẹ́sàn-án. 1,321,517 jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́rin ó lé ẹgbẹ̀jọ ó dín mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ju ọ̀kẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọ. Ẹ rántí pé ọ̀kẹ́ kan ni àpò owó ẹyọ kan, ẹgbàáwàá owó. Àpò ènìyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n já bọ́ láàárín ìjọba méjì tó ń ka àdúgbò kan náà!

Owó ló wà nídìí ìjà náà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iye ènìyàn wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó Àbújá àti àga ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin. Nínú iye ti àjọ, Kánò fi 9,401,288 ṣíwájú Èkó. Ìjà yìí ò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Wọ́n kà ní 1962, ìjà dé, wọ́n tún un kà ní 1963. Wọ́n kà ní 1973, wọ́n fagi lé e. Wọ́n kà ní 1991. Lẹ́yìn 2006, wọ́n ní a ó tún kà ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Mo ti múra sílẹ̀, mo tilẹ̀ ti pinnu ohun tí mo máa dáhùn bí wọ́n bá bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ ni Ààrẹ Bùhárí sún un síwájú, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, a ò tíì kà á.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé nínú gbogbo nọ́ńbà yẹn, kò sí ẹyọ kan tó lè sọ ẹni tí a jẹ́ fún mi. Ìwé ìbéèrè ti 2006 kò béèrè ẹ̀yà, kò béèrè ẹ̀sìn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni, nítorí ìjà. Láti 1963, kò sí iye ẹ̀yà kankan tí ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ jáde. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé Yorùbá Mushin tó iye báyìí, Íbò tó iye báyìí, ara rẹ̀ ló ti bù ú jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ní láti kan ilẹ̀kùn.

Díẹ̀ nípa bí a ṣe dé ibẹ̀. Àwórì ló ni ilẹ̀. Ìyókù wa, a wá ni. Ní 1867, nígbà Ìfọ́lé, àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá tí wọ́n lé kúrò ní Abẹ́òkúta ló wá tẹ̀dó sí Èbúté Mẹ́ta, lórí ilẹ̀ tí Glover fún wọn. Ojú irin dé lẹ́yìn wọn, ó kó òṣìṣẹ́ wá láti ibi gbogbo. Àjàkálẹ̀ àrùn tó jà ní Èkó ní 1924 ló mú kí ìjọba dá LEDB sílẹ̀ ní 1928, àjọ náà ló sì la ọ̀pọ̀ òpópónà Yábàá tó tọ́ bí ìlà ìwé. Ní 1955, LEDB kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, wọ́n ní ó rí jágbajàgba, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Peter Marris, tó wádìí wọn, tó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, fi hàn pé ilé náà mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbé ènìyàn jìnnà sí ẹbí àti sí oníbàárà. Màmá Àgbà kò ka Marris, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n ní, “Ṣé ó pọn dandan kí òyìnbó wá láti òkèèrè kó tó mọ ìyẹn?”

Mushin yàtọ̀. Kò sí ẹni tó ṣètò rẹ̀. Títí di 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-oòrùn ní Ìbàdàn ló wà, òfin ìlú Èkó kò dé ibẹ̀. Ẹni tó bá rí ilẹ̀ díẹ̀ rà á kọ́ yàrá sí i, ó wá ayálégbé, ó sì di bàbá gbogbo wọn. Sandra Barnes kọ odidi ìwé lórí èyí ní 1986, bí onílé ní Mushin ṣe di ẹni tó ń parí ìjà, tó ń báni wáṣẹ́, tó ń báni dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Bí mo ṣe ń kà á ní láíbìrì, Bàbá Onílé wa ni mò ń rí: síńgílẹ́ẹ̀tì funfun, rédíò létí, páálí ìwé ẹjọ́ àwọn ayálégbé lábẹ́ àga.

Ó yá, yàrá mẹ́rìndínlógún. Ìjẹ̀bú ló ni mẹ́rin, mẹ́ta nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹbí kan ṣoṣo. Ẹ̀gbá méjì. Ará Ìkirè méjì, ìyẹn àwa: Màmá Àgbà ní ọ̀kan, àwọn òbí mi ní ìkejì. Èkìtì kan. Ìlàjẹ kan. Íbò mẹ́ta, tí gbogbo wọn ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládípọ̀. Ègùn kan, káfíńtà láti apá Àgbádárìgì tí ìyàwó rẹ̀ wá láti Pọ́tónúwò. Ùròbò kan. Yàrá tó kẹ́yìn, ọkọ jẹ́ ará Ọ̀fà, ìyàwó jẹ́ Íbò, mi ò sì tíì mọ ibi tí mo máa kọ wọ́n sí. Àgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ti àwọn ọmọ, mi ò ní kọ ọ́ síbí yìí. Àwọn ìyá wọn sọ ọ́ fún mi nítorí ilé-ìwé, kò sì yá mi lára láti gbé e sí gbangba. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀.

Nọ́ńbà yìí dà bí ohun tó dúró sójú kan, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, ilé dá bí ilé-ìwé ní ọjọ́ ìsinmi. Ní agogo mẹ́wàá alẹ́, a kún àkúnya. Àwọn ọmọṣẹ́ mẹ́kááníìkì méjì wà tí wọ́n ń sùn ní pásẹ́ẹ̀jì, tí wọ́n ń ká ẹní wọn kí àwọn obìnrin tó jí. Ara ilé ni wọ́n, àbí wọn kì í ṣe ara ilé? Àbúrò ìyàwó Ìlàjẹ ń wá ní oṣooṣù ta ẹja gbígbẹ, ó ń lo ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé ìdajì ènìyàn ni kí n pè é? Mo kọ gbogbo wọn. Bóyá ohun tí ìjọba Èkó náà ṣe nìyẹn.

Mo gbádùn ti èdè náà ju bí mo ṣe rò lọ. Adétugbọ́ pín ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí agbègbè ní 1967, a sì há a sórí fún ìdánwò. Nínú ilé wa, ìrìn ìṣísẹ̀ mẹ́fà ló wà láàárín agbègbè kan sí èkejì. Ìyá Èkìtì á ní òun ń lọ sí “ulé.” Ìyá Ìlàjẹ ní ìró kan nínú ọ̀fun tí lẹ́tà ABD wa ò ní. Àwọn Ìjẹ̀bú á máa sọ èdè wọn bí ọ̀rọ̀ owó bá délẹ̀, kí ayálégbé mìíràn má baà gbọ́. Ṣùgbọ́n níbi kànga, gbogbo wọn á bọ́ sí Yorùbá kan náà, ti Mushin, tó yára, tí Píjìn àti Íbò wà nínú rẹ̀. Káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ ń sọ Ègùn pẹ̀lú ara wọn. Àkọ́bí wọn ń fi Yorùbá dáhùn.

Ọmọ kan wà nínú yàrá kọkànlá, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Nnewi ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wá. Mo bi í pé, “Ìwọ, ọmọ ibo ni ẹ́?” Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè bóyá omi tutù. “Ọmọ Mushin ni mí nù un.” Mo ní kó má bínú, kí ni kí n kọ sábẹ́ ẹ̀yà? Ó ní, “Àǹtí, ẹní bá mọ̀ ọ́n rìn kì í bi omi nínú,” ó sì sáré lọ gbá bọ́ọ̀lù. Mi ò mọ bí òwe yẹn ṣe dáhùn ìbéèrè mi. Mo sì wà ní ọdún kẹrin nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá.

Màlámù kò sí nínú yàrá mẹ́rìndínlógún. Nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ló ti ń ta ráìsì àti ẹ̀wà, ibẹ̀ náà ló ń sùn. Ìdí-Àràbà ni àwọn ènìyàn rẹ̀ wà, níbi tí àwọn Hausa ti ń gbé láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀ẹ̀kan ti wà tó jẹ́ pé kí wọ́n má kà mí nínú ilé yìí ni mo fẹ́.” Oṣù kejì ọdún 2002 ló ń sọ, nígbà tí Yorùbá àti Hausa kọlu ara wọn ní Ìdí-Àràbà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bọ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan wá sẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ń béèrè bóyá Gàm̀bàrí wà nínú ilé. Bàbá Onílé jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní ayálégbé òun ni òun mọ̀, òun ò mọ Gàm̀bàrí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá Àgbà ni Màlámù wà, láàárín àpò ata gbígbẹ. Ó ní ohun tó bẹ òun lẹ́rù jù lọ́jọ́ náà ni pé kí òun má sín. Láti ìgbà náà, Màmá kì í san owó ẹ̀wà lọ́dọ̀ rẹ̀, bó ti wù kí wọ́n bá a jà tó. Mo ti ń jẹ ẹ̀wà yẹn láti kékeré láìmọ ìdí tí a fi ń jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi ni mo wá ṣe àṣìṣe. Mo fi yàrá Màmá Àgbà sí ìkẹyìn nítorí pé mo rò pé òun ló rọrùn jù. Ata ni wọ́n ń tà ní ọjà Ojúwòyè fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Wọn ò kàwé, ṣùgbọ́n bí náírà àádọ́ta bá dín nínú owó ọjọ́ kan, wọ́n á mọ̀ kí wọ́n tó dé ilé. Mo jókòó tì wọ́n, mo béèrè ìlú tí wọ́n ti wá, wọ́n dáhùn. Ọdún tí wọ́n dé Mushin? Wọ́n ní ọdún tí gbogbo Áfíríkà wá ṣeré ìdárayá ní pápá ìṣeré tuntun ní Sùúrùlérè. 1973 nìyẹn. Mo wá ní, “Màmá, ọmọ mélòó lẹ bí?”

Wọ́n dìde. Wọ́n ká aṣọ wọn mọ́ra, wọ́n jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi pè mí ní Àbẹ̀kẹ́. “Ìwọ yìí” ni wọ́n ń pè mí.

Mo mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ó wà nínú àwọn èèwọ̀ tí a kọ sílẹ̀ ní ọdún kejì tí a sì gba máàkì lórí rẹ̀. Mo kàn gbà pé ohun tó wà fún ìdánwò ni. Mo tilẹ̀ ti ní àlàyé fún un: àwọn ènìyàn ń sá fún owó orí, wọ́n wá fi èèwọ̀ bò ó. Ará Ẹ̀gbá tó wà ní yàrá kẹta, tó jẹ́ Aládùúrà, tún fi tirẹ̀ kún un, ó ní Dáfídì ka Ísírẹ́lì, àjàkálẹ̀ àrùn sì dé. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi bí ọ̀mọ̀wé.

Alẹ́ ọjọ́ kẹrin, wọ́n mú iná. A ń bó ẹ̀gúsí, èmi àti Màmá, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù mi. Láìjẹ́ pé mo béèrè, wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní ní òpin ọdún tí àwọn dé Mushin, wọ́n ka ènìyàn. Inú yàrá yìí kan náà. Wọ́n ní ọmọ méjì nígbà náà, ọmọbìnrin kan tó ti ń sáré kiri àti ọmọkùnrin kan lẹ́yìn. Ẹni tó wá kà wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ́ tónítóní, ó lo táì nínú oòrùn. Ó ní kí wọ́n mú àwọn ọmọ wá kí òun fojú rí wọn. Ó gbé ọwọ́ lé ọmọbìnrin náà lórí, ó ní “ọ̀kan.” Ó fi bírò tọ́ka sí èyí tó wà lẹ́yìn, ó ní “èjì.” Ìyá ọkọ Màmá wà níbẹ̀. Wọ́n yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn ò sọ nǹkan kan.

Ọyẹ́ ọdún náà kò tíì tán tí ibà fi gbé ọmọbìnrin náà. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni.

“Mo mọ̀ pé ibà ni o,” ni Màmá wí. “Kí o má lọ kọ ọ́ síbi kankan pé mo ní ìwé ìjọba ló pa á. Ibà ni.” Wọ́n bó ẹ̀gúsí díẹ̀ sí i. “Ṣùgbọ́n ọ̀kan tí ó fi ọwọ́ lé lórí ló lọ.”

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Wọ́n ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, Bàbá Àgbà dé láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú ìròyìn rédíò. Ìjọba tuntun ti dé, ti Murtala, wọ́n sì ní àwọn ti fagi lé kíkà ọdún 1973, pé kò wúlò, pé iye ti 1963 ni kí gbogbo ayé máa lò. Bàbá Àgbà ń rẹ́rìn-ín pé owó ńlá ti ṣòfò. Màmá ní àwọn dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá bi í pé, “Tèmi tó ti lọ ńkọ́, ta ni yóò fagi lé ìyẹn?”

Nítorí náà, nígbà tí ẹni ti 2006 dé, tí èmi náà ń sáré kiri nínú yàrá kan náà, àlejò ni mí.

Mo bi wọ́n ní orúkọ rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ fún mi. Wọ́n wá sọ orúkọ àwọn yòókù, ti àwọn tí mo mọ̀ àti ti àwọn tí mi ò mọ̀, láti àkọ́bí dé àbígbẹ̀yìn, pẹ̀lú oríkì wọn, pẹ̀lú ọjọ́ ọjà tàbí ọjọ́ òjò tí wọ́n bí oníkálukú. Wọ́n ò pe nọ́ńbà kankan, èmi náà ò sì fi ìka kà á. Bàbá mi wà láàárín wọn. Títí di alẹ́ ọjọ́ náà, mo rò pé òun ni àkọ́bí.

Àwọn ará Ìjẹ̀bú ló kọ́kọ́ kó lọ, sí Ṣágámù. Àwọn ará Nnewi gba ilé sí Okòta, kí wọ́n má baà jìnnà sí Ládípọ̀, ọmọ yàrá kọkànlá sì ti ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé kò sí ọmọ Mushin kankan níbẹ̀ yàtọ̀ sí òun. Káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí Màkókò lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wọn, fúngbà díẹ̀, wọ́n ní. Màlámù padà sí Ìdí-Àràbà. Bàbá mi rí yàrá-àti-pálọ̀ ní Ìkòròdú. Màmá ní ọ̀nà ibẹ̀ jìn sí Ojúwòyè, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wọ́n ń jí ní agogo mẹ́rin ààbọ̀. Bàbá mi ti sọ ọ́ títí, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí a kó ẹrù, wọ́n gbá yàrá náà mọ́ tónítóní kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a mọ̀ pé katapílà ló ń bọ̀.

Mo fi téébù sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Olùdarí iṣẹ́ mi dá a padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwúrí nípa apá ti ẹ̀ka-èdè. Wọ́n sì fi bírò pupa yí àyè kan ká, yàrá karùn-ún, lábẹ́ “iye ọmọ,” níbi tí mo fi sílẹ̀ ní òfìfo. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: “Kí ló dé? Ṣé kò sí ẹni nílé ni?”

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo gbọ́dọ̀ dá a padà. Mo ti kọ ìdáhùn náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.